Mẹ́dàlì Kan, Ìpín Méje

Molútẹ̀hìn,
Létí omi.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá.

Àràmídé ọmọ mi, ọmọ Olówòkéré,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le, ṣé ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ̀ ń gbé yẹn kì í dùn ọ́ lẹ́sẹ̀? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹni tó dá omi tí kò jẹ́ kí omi gbé wa lọ, kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ìwọ náà mì. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, mo sì dá a lóhùn pé ẹni tó lè pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ lórí fóònù báyẹn, ó ti jẹun yó dáadáa.

Mo mọ̀ pé o máa bèèrè ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ìgbà tí mo pè ọ́ kẹ́yìn, o ní o wà nínú mítìn, o sì gé e mọ́ mi lẹ́nu kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ìdí kejì ni pé ọ̀rọ̀ òfin ni mo fẹ́ sọ, òfin kì í sì í gbé inú afẹ́fẹ́, orí ìwé ló ń gbé, ẹni tó bá fẹ́ dá a lóhùn gbọ́dọ̀ lọ bá a níbẹ̀. Kingsley tó ń wa ọkọ̀ èrò ni yóò gbé lẹ́tà yìí dé Igbókòdá, yóò sì fi lé dírẹ́bà tó ń lọ sí apá ọ̀dọ̀ yín lọ́wọ́. Tí ìwé náà bá ń rùn pẹtiróòlù, má bínú, ibi tí mo jókòó sí ló fà á, màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ tó bá yá.

Nínú oṣù tó kọjá lo pè mí, ohùn rẹ le, o ní gbogbo ọ́fíìsì yín ti rí àwòrán ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa tó wọ mẹ́dàlì tí ìjọba àpapọ̀ fi dá bàbá rẹ lọ́lá, o ní ojú tì ọ́. O ní òfin wà, pé ẹni tí wọ́n bá fún ní àmì ẹ̀yẹ nìkan ló lè wọ̀ ọ́, ní àyà òsì, lọ́jọ́ ayẹyẹ, pé ẹlòmíràn tó bá wọ̀ ọ́ ti dẹ́ṣẹ̀, àti pé ìjọba lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi í ṣeré. O ní kí n gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn kó tó di ọjọ́ òmìnira, nítorí àlejò ń bọ̀ láti Àbújá wá wo àwọn tó gba oyè. Mo bi Olùkọ́ Tàjùdéèn tó ya àwòrán náà bóyá lóòótọ́ ló rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ènìyàn ló ti gbé àtàǹpàkò sókè fún wa. Mi ò rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ènìyàn lójú kan rí láyé mi. Jọ̀ọ́, tí o bá ń pàdé wọn lójú ọ̀nà, bá mi kí wọn, kí wọ́n má rò pé bàbá rẹ kò mọ ọpẹ́ dá.

Ṣùgbọ́n Àràmídé, etí lásán lo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, o kò gbọ́ ìdí rẹ̀. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi.

Nínú òjò ọdún tó kọjá, ọkọ̀ èrò kan tó ń bọ̀ láti Igbókòdá kọlu ìtì igi lábẹ́ omi, ó sì dojú dé. Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀ tiwa nítòsí. Èmi ni mo ni ọkọ̀, Kọ́lájọ ló ń tukọ̀, Fágbèmí ló ni àwọ̀n, àbúrò mi Tabitha ló ń gbọ́n omi, nítorí ọkọ̀ wa ti dàgbà, àgbà tó bá sì wà lójú omi kò lè ṣe kó má mu díẹ̀. Kọ́lájọ kọ orí ẹ́ńjìnnì sí wọn, Fágbèmí ju àwọ̀n rẹ̀ tuntun, àwọ̀n tí kò tíì pa ẹja kan ṣoṣo, sínú omi kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú, Tabitha ń gbọ́n omi bí ẹni tí wọ́n ń lé, èmi ń fà wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn mọ́kànlá la kó, kò sí ẹni tó bómi lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Olùkọ́ Tàjùdéèn tó wá láti Ìsẹ́yìn wá kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé wà lára wọn, òun ló wúwo jù, òun náà ló wá kọ orúkọ mi ránṣẹ́ sí ìjọba.

Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ wá kí mẹ́dàlì tó wá. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́, o mọ̀ pé mo ka ìwé dé pámárì mẹ́fà. Wọ́n bèèrè iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ pé ẹja ni mò ń kó, àfi ọjọ́ kan tí mo kó ènìyàn. Wọ́n bèèrè ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ, mo kọ orúkọ Kọ́lájọ, nítorí nínú ọkọ̀, àyè tó wà láàárín èmi àti òun kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá rẹ kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n wá bèèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní mẹ́dàlì, àyè orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Mo há orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, mo wá kọ ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi tí kò sí ilà. Olùkọ́ Tàjùdéèn ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó lọ gba fọ́ọ̀mù míràn, ó kọ Ọlọ́rundáre Olówòkéré nìkan sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo dé láti Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti fi mẹ́dàlì kọ́ mi láyà tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi títí n kò fi mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí, àwọn mẹ́ta yìí ti jókòó dè mí lórí afárá pákó iwájú ilé. Wọn kò bèèrè nǹkan kan. Kọ́lájọ kàn wò ó, ó ní ó dára, ó ń dán. Ìwọ náà mọ àṣà omi, inú rẹ̀ la bí ọ sí. Ohun tí ọkọ̀ bá kó wálé, ẹnì kan kì í dá a jẹ. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ìpín, ọkọ̀ ní ìpín, àwọ̀n ní ìpín, ẹ́ńjìnnì ní ìpín, nítorí kò sí èyí tó lè dá ṣe é nínú wọn. Ìpín ọkọ̀ ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, ìpín àwọ̀n sọ́wọ́ ẹni tó ni àwọ̀n, ti ẹ́ńjìnnì, màá sọ ọ́ níwájú. Ká kà á, ìpín méje ni. Tabitha ló kọ́kọ́ rí i pé ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ó ní ẹni tó bá ní Ọlọ́run kọ́ ló ṣètò rẹ̀ kó wá ṣàlàyé.

La bá pín in. Ọjọ́ Ajé ni ti ọkọ̀, ibẹ̀ la sì ti kọ́kọ́ jiyàn, nítorí ìwé pélébé tó bá mẹ́dàlì wá ní àyà òsì ni kí á fi kọ́, a sì fẹ́ pa òfin mọ́. Níbo ni àyà ọkọ̀ wà? Fágbèmí ní ọkọ̀ máa ń fi àyà lúwẹ̀ẹ́ ni bí ènìyàn, ìsàlẹ̀ omi ni kí á kàn án mọ́. Kọ́lájọ ní irọ́ ni, ẹ̀yìn ló fi ń léfòó lórí omi. Tabitha ló yanjú rẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ èrò yẹn yí padà, kí la sọ? A ní ó dojú dé. Nítorí náà ojú ọkọ̀ ń wòkè, àyà rẹ̀ náà ń wòkè. A wá fi kọ́ inú rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó sì yẹ ẹ́ gan-an ni. Ìṣẹ́gun ni ti ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́rú ni ti àwọ̀n, a dè é mọ́ etí rẹ̀, lọ́sẹ̀ kejì a fa àwọ̀n sókè, a bá ọ̀bọ̀kún ńlá kan tó gbé ríbọ́ọ̀nù há ẹnu. A dá a padà sómi, nítorí a kò mọ ohun tí òfin sọ nípa ẹja tó bá wọ mẹ́dàlì. Ọjọ́bọ̀ Kọ́lájọ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà Igbókòdá, àwọn aláàárù yà fún un lọ́nà. Fágbèmí wọ tirẹ̀ ní Ẹtì, ó fi sùn. Tabitha wọ̀ ọ́ yan ẹja ní Àbámẹ́ta, títí dòní ríbọ́ọ̀nù náà ń rùn ẹja yíyan. Èmi wọ̀ ọ́ lé sùtánà mi funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, wòlíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìwàásù. Ìyá rẹ kò ní ìpín, ṣùgbọ́n inú agolo mílíìkì tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ la ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó ní ẹni tó ń sùn lórí ọlá kò ní í jẹ́ ẹni ẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀ la ń gbádùn rẹ̀ kí ìpè rẹ tó wọlé.

Mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Mo gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn, lọ́jọ́ Fágbèmí ni, ó ṣì wà láyà rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tú u. Nítorí o ní kí n tọ́jú rẹ̀ síbi ààbò, mo gbé e lọ sí báńkì ní Igbókòdá, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn fèrèsé bèèrè nọ́ńbà àkáǹtì, mo ní mẹ́dàlì náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í gba irú rẹ̀. Mo wá dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń pọ owó, mo ta àyà síta kí ojú kékeré tó wà lókè rẹ̀ lè rí mi dáadáa, ó ní kí n fi káàdì mi sí i. Ẹ̀rọ yẹn kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé mẹ́dàlì padà sínú agolo.

Ilé wa wá dákẹ́, ọmọ mi. Fágbèmí ká àwọ̀n rẹ̀ lọ sílé, ó ní ó ń sinmi. Tabitha tí kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kọjá láìgbé ẹja wá, kò gbé ìrù rẹ̀ wá. Kọ́lájọ, tó ti bá mi wà nínú ọkọ̀ kan náà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, bá mi pàdé lórí afárá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba, sà.” Sà! Kọ́lájọ tí mo kọ́ ní òwe tí mo sì kọ́ ní èébú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọkọ̀ wa kò lọ sójú omi, mo jókòó ti mẹ́dàlì, mo ń wò ó, mo sì mọ̀ pé tí mo bá pín in, ìjọba á gbà á, tí mi ò bá sì pín in, mo ti pàdánù àwọn tó jẹ́ kí n rí i gbà.

Mo wá ké sí Olùkọ́ Tàjùdéèn, mo ní kó ka òfin tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ̀ fún mi láti orí dé ìdí, kó má fo ẹyọ kan. Ọ̀sán mẹ́ta ló fi kà á lẹ́yìn ilé-ìwé. Mo gbọ́ ọ dáadáa, òfin náà kò burú, ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ kí olè àti onírọ́ máa wọ ọlá ọlọ́lá kiri, èmi náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àyà mi nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé e. Mo ní ó dára. Mo wá bi í bóyá òfin sọ ibi tí àyà mi gbọ́dọ̀ wà. Ó wo fóònù náà, ó yí i padà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní kò sí i níbẹ̀.

Ó tán. Láti ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ni mò ń wọ mẹ́dàlì, ní àyà òsì, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ṣùgbọ́n àyà mi ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ọjọ́. Ní Ajé mo ń dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, mo ń wòkè bíi tirẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo ń lọ jókòó ti Kọ́lájọ láti àárọ̀, ibi tó bá lọ ni mò ń bá a lọ, tó bá lọ wẹ̀, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń bú mi bíi tàtẹ̀yìnwá, ara mi sì ti yá. Ní Ẹtì, Fágbèmí ní òun kò fẹ́ kí n wá sùn ti òun, ìyàwó òun kò gbà, a fi ọ̀sán ṣe é. Tabitha fún mi ní ẹja láti yí padà lórí iná, ó ní àyà tó bá wá sọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ dání.

Ọjọ́ òmìnira wá dé, ó sì bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ àwọ̀n. Kí ni kí n ṣe? Mi ò lè fi ìpín àwọ̀n dù ú nítorí àlejò. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo fi mẹ́dàlì kọ́ àyà òsì, Fágbèmí wá fi àwọ̀n rẹ̀ bò mí léjìká bí agbádá. Àwọ̀n náà gùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé etí rẹ̀ tẹ̀lé mi láti èbúté dé pápá, gbogbo Igbókòdá ń wò wá. Ọ̀gá tó wá láti Àbújá sọ̀kalẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó wá bá wa, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, òfin ní ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wọ mẹ́dàlì yìí.”

Àràmídé, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo rò pé yóò tú u láyà mi níwájú gbogbo ayé. Mo ní, “Ẹnì kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, sà. Àwọn yòókù, èmi ni wọ́n wọ̀.”

Kó tó sọ̀rọ̀, Olùkọ́ Tàjùdéèn jáde láàárín àwọn olùkọ́, ó wá di etí àwọ̀n mú bó ṣe dì í mú lọ́jọ́ yẹn nínú omi. Obìnrin kan tó ń ta edé náà jáde, a fà á wọlé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, òun náà dì í mú. Lójú mi báyìí, mẹ́fà nínú mọ́kànlá ló wà ní pápá yẹn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì wá di àwọ̀n mú. Ọ̀gá náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ fìlà, ó ní òun kò rí ibi tí a ti rú òfin. Ló bá bèèrè bóyá òun náà lè fọwọ́ kan àwọ̀n náà. A rẹ́rìn-ín, a sunkún, ìyá rẹ jó títí bàtà rẹ̀ fi já. Mẹ́dàlì ṣì wà lọ́wọ́ wa, kò sí ẹni tó máa gbà á.

Ó ku ìpín kan tí mi ò tíì sọ. Ta ló ni ẹ́ńjìnnì, Àràmídé? Owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ lo fi rà á, o fi ránṣẹ́ sí wa, o ní kí bàbá rẹ sinmi àjẹ̀. Èyí tí a ní tẹ́lẹ̀, àwa là ń fi àjẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ká ní òun ni lọ́jọ́ yẹn, à bá dé ibẹ̀ nígbà tí omi bá ti parọ́rọ́ lórí wọn. Nítorí náà ìwọ wà nínú ọkọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, o kò kàn mọ̀ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, tìrẹ ni. Àwòrán tí ojú fi tì ọ́ ní ọ́fíìsì, àyà rẹ lo rí níbẹ̀.

Òní ni Ìṣẹ́gun. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mẹ́dàlì wà láyà mi, mo fara tì í. Ìṣẹ́gun kẹta rèé tí mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ni ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ọmọ. Ọdún mẹ́rin nìyí tí o kò ti wálé, ọdún mẹ́rin náà ni ẹ́ńjìnnì yìí ti ń ṣiṣẹ́, o kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Àárò rẹ ń sọ mí, mo sọ ọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, o mọ̀ pé mi ò lè parí lẹ́tà láìtọrọ. Ríbọ́ọ̀nù ti ṣá, ìyá rẹ nílò bàtà tuntun nítorí èyí tó fi jó ti já, pẹtiróòlù sì ti gbówó lórí. Ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o má ṣe fi ránṣẹ́ sí báńkì. Fi wọ mọ́tò. Sùn sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ajé, Kingsley yóò dúró dè ọ́ ní èbúté Igbókòdá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí o bá dé ní Ọjọ́rú, a ò ní lé ọ, ṣùgbọ́n àwọ̀n ni èmi àti ìwọ yóò jọ wọ̀.

Ọlọ́run tó fún wa ní mọ́kànlá láìdín ọ̀kan kò ní dín ọ kù. Ọ̀nà tí o bá gbà kò ní dojú dé. Ibi tí o bá dúró sí, wọn yóò yà fún ọ. Orúkọ rẹ yóò rí àyè lórí gbogbo fọ́ọ̀mù, ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò ra ohun tí ń gba ẹ̀mí là láìmọ̀. Àmín.

Kọ́lájọ ti dé, a fẹ́ jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pè ọ́ kí n gbé fóònù sí ẹ́ńjìnnì kí o lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Wá gbọ́ ọ fúnra rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́rundáre Olówòkéré,
ẹni tó ń bá ọ gbé ìpín rẹ sáyà títí o máa fi dé.